Ẹni Tó Ń Bá Wọn Tọ́ Afẹ́fẹ́ Wò

Ó ti rẹ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹ bá rí i nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ kan ń tẹ ẹ̀rọ, tí èkejì nà gbọọrọ sábẹ́ tábìlì bíi pé àlejò ló jókòó síbẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé orúnkún yẹn ti fẹjọ́ sùn títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Tí ẹ bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, á ní, "Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kí, òun ló lágbára." Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́.

Aṣọ ilé ìwé ló ń rán jù. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá kékeré tí tábìlì ìgéṣọ gba ìdajì rẹ̀, tí ègé aṣọ sì gba ìdajì tó kù. Lẹ́bàá ògiri ni àwọn àpò ńláńlá kan wà tí àwọn ìyẹ́ wà nínú wọn. Ìyẹ́ la máa ń pè é. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó gùn ju yàrá náà lọ, okùn tín-ín-rín tí kò níye ló so ó mọ́ ìjókòó kan báyìí. Èèyàn á wọ ìjókòó náà, á di bẹ́líìtì mọ́ra, á tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ á kún inú aṣọ, á sì gbé e lọ sókè. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Mo ti bi wọ́n títí pé ẹ́ńjìnnì dà, wọ́n ní kò sí. Èyí tó bá ya ni wọ́n ń gbé wá fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kó bá wọn lẹ̀ ẹ́, nítorí òun náà ń fò, kò sì ní fi ẹ̀mí ẹni ẹlẹ́ni ṣeré.

Awakọ̀ lèmi. Èmi ni mo ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé wọn gun òkè lọ́jọ́ ìsinmi, èmi ni mo sì ń lọ kó wọn ní ìsàlẹ̀. N kò fò rí. Ẹni tí Ọlọ́run bá fẹ́ kó fò, kò ní fún un ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀.

Òkè tí wọ́n ń lò gùn, ó dá dúró bí ògiri, ó dojú kọ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wá á kọlu òkè, kò ní ríbi gbà, ó di dandan kó gòkè. Afẹ́fẹ́ tó ń gòkè yẹn ni wọ́n ń gùn, wọ́n á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀ níwájú òkè títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, wọ́n á rọra balẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe wàhálà, epo ọkọ̀ mi ló máa jó. Ìgbà tó bá pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ìyẹ́ yìí kì í sáré púpọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti yára jù ú lọ, kò ní lè lọ síwájú mọ́, ẹ̀yìn ni yóò máa rìn, títí yóò fi gbé èèyàn kọjá ṣóńṣó òkè sí òdìkejì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń dà gììrì, tó ń dàrú, tó ń gbá aṣọ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn òkè kì í ṣe ibi tí ọmọ èèyàn ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin jórinjórin kan ti já lulẹ̀ nígbà kan, tí kò sì lè nàró mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣèpàdé. Wọ́n ní láti ìgbà yẹn lọ, ẹnì kan ni yóò máa kọ́kọ́ fò, àwọn yòókù á máa wò ó. Tó bá ṣì wà lókè, afẹ́fẹ́ dára, kí wọ́n máa bọ̀. Tó bá balẹ̀ tó sì ká ìyẹ́ rẹ̀, ó ti tán nìyẹn, kí kálukú kó ẹrù rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. Alága wọn, ọkùnrin tó ní ilé oògùn, wá béèrè pé ta ni yóò máa ṣe é. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí wo bàtà ara wọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò wo bàtà, bí wọ́n ṣe mú un nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Atọ́wò, nítorí ó ń bá wọn tọ́ afẹ́fẹ́ wò bí ẹní ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná.

Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ n purọ́. Tó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kì í kí ẹnikẹ́ni. Á lọ dúró sí etí òkè, á wo koríko ẹsẹ̀ rẹ̀, á wo àpò pupa tí wọ́n so mọ́ òpó láti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ dorí kọ, á wá gbójú lọ sí ìsàlẹ̀ réré, á dákẹ́. Ìgbà tó bá wù ú ni yóò wọ ìjókòó. Nígbà tí yóò bá fi yí lẹ́ẹ̀mejì níwájú òkè, àwọn tó wà nílẹ̀ ti ń tẹ́ ìyẹ́ tiwọn. Òun náà ló kọ́ wọn ní gbogbo òfin tí wọ́n mọ̀. "Ìta ni kẹ́ ẹ máa yí sí, ẹ ò gbọdọ̀ yí kọjú sí òkè láéláé. Ẹni tí òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló lọ̀nà. Ìwọ tí òkè wà lósì ẹ, yà fún un, má bá a jiyàn." Wọ́n mọ̀ ọ́n sórí bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń mọ ìṣirò. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kò kọ́ wọn, nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè. Ta ló ń béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò nígbà tí ẹlòmíràn ti tọ́ ọ?

Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ simi. Orúnkún ń ro ó, ojú kò sì mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó ń rẹ èèyàn jù, ó ní, kì í ṣe fífò, bí kò ṣe pé tí òun bá wà lójú ọ̀run, òun ń gbọ́ ìwúwo gbogbo wọn lára okùn. Tó bá ti dá a sílẹ̀ báyìí, Alága á ní, "Ẹ̀gbọ́n, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Òun náà á ní, "Ṣé àgbà ọ̀hún ò ní kúrò lọ́jà ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún ní kó lọ síwájú.

Ìdí pàtàkì tí kò fi lè kọ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ òkèèrè, òun ni àbíkẹ́yìn, òun ló kù sílé, tíṣà ni. Ó ti ń fò fún ìgbà díẹ̀, ó sì mọ ìyẹ́ darí ju àwọn ọkùnrin tó ń pariwo níbẹ̀ lọ. Ọkàn bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀ jù. Gbogbo ọjọ́ tí ara bá ń ro ó, tó bá ti rántí pé ọmọ yìí máa lọ sí òkè, á dìde, á wọ bàtà. Ó fọkàn sí i pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ń lọ síwájú, kò sí ohun tó máa ṣe ọmọ òun.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, afẹ́fẹ́ dára nígbà tí a dé ibẹ̀. Atọ́wò wọ ìjókòó rẹ̀, ó lọ. Ó yí, ó padà, ó tún yí. Mo lọ sínú bọ́ọ̀sì láti mu tíì. Nígbà tí mo fẹ́ jáde, ilẹ̀kùn kọ̀ fún mi, àfi bíi pé ẹnì kan gbé ìdí tì í láti ìta. Mo fi èjìká sí i kó tó ṣí. Mo wòkè, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú kan lókè orí wa. Kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó pa," Alága ní, "bí ẹní wà ní pálọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ Atọ́wò ti wọ ìjókòó tirẹ̀, ó ti dé àṣíborí, ó ń tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹ́ náà ń jà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rìn tọ̀ ọ́ lọ. N kì í ṣe onímọ̀, kò sì dá mi lójú, ṣùgbọ́n mo ní, "Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ò fẹ́ ṣí o."

Kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Bọ̀dá Awakọ̀, Bàbá ṣì wà lókè."

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá ṣì wà lókè. Kò lè sọ̀kalẹ̀ ni. Ohun tí àwa pè ní ìjókòó pálọ̀ yẹn, ìyẹ́ rẹ̀ ló ti ń sáré dé ibi tó lè sáré dé, tí afẹ́fẹ́ sì ń bá a dọ́gba. Ó ní ọ̀pá kan tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tì tí wọ́n bá fẹ́ kí ìyẹ́ yára sí i. Ó ti ọ̀pá náà, orúnkún sì kọ̀ fún un. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun bá ẹsẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹní ń bẹ ọmọ, kò gbọ́. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí okùn ìjánu tó fi ń darí ìyẹ́, kò lè mú rédíò kékeré tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó pariwo, afẹ́fẹ́ gbé ariwo náà lọ. Ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀, ó rí i tó di bẹ́líìtì ẹsẹ̀, ó rí i tó gbá okùn mú, ó mọ̀ pé tí ọmọ yìí bá fi lè fa ìyẹ́ yẹn dìde, kò tíì ní gbẹ́sẹ̀ kan tí afẹ́fẹ́ máa fi gbá a kọjá sí ẹ̀yìn òkè.

Ìyẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn sẹ́yìn. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ohun tó sàn fún un ni kó wà lókè pátápátá, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òun kọjá lọ jìnnà, dé pápá tó tẹ́ níwájú, kó tó balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ààyè rẹ̀ sì wà fún un. Kò ṣe é. Ó na ọwọ́ sókè, ó fa okùn ẹ̀gbẹ́ lọ́tùn-ún lósì, etí ìyẹ́ méjèèjì sì ká wọnú. Àwa tá a wà nílẹ̀, ohun tí a rí ni pé Atọ́wò ń ká ìyẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀run.

Ìyẹn nìkan ni èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Ọmọ rí i. Ó ju okùn sílẹ̀, ó sì fi gbogbo ara dùbúlẹ̀ lé aṣọ rẹ̀ kó má baà gbéra. Ìgbà tó gbé orí sókè, bàbá rẹ̀ ti kọjá lórí wa, ó ń fà sẹ́yìn, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ kíákíá, ó wọ ẹ̀yìn òkè, a ò rí i mọ́.

Inú igbó ṣúúrú kan la ti bá a. Èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́, orúnkún sì ti wú bí ìrọ̀rí. Ó lajú. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Ó gbéra?" Mo ní rárá. Ó di ojú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti di èjìká rẹ̀, ọmọ jókòó tì í. Ó ti sunkún débi tí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá rẹ̀ bi í léèrè, jẹ́jẹ́ ni, "Kí ló dé tó o fẹ́ fò?"

"Ẹ ṣì wà lókè, Bàbá."

Ó yí ojú sí ògiri. N kò rí i kí ọ̀rọ̀ dun ọkùnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n ń to eegun rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ jáde, ó ní, "Àbúrò, ọmọ mi ò wo afẹ́fẹ́. Èmi ló ń wò. Òpó wà níwájú ẹ̀, àpò tó wà lórí ẹ̀ le gbagidi bí igi, èmi ló ń wò."

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀, wà níbẹ̀, ó ń ká aṣọ. Obìnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, ẹ ó ti wá ibi jókòó sí. "Ẹ ti ń bá a tọ́ ọ wò láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ìgbà wo ni ahọ́n tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ọmọ tí a ò kọ́, kì í ṣe ilé nìkan ló máa gbé tà."

Láti ọjọ́ náà, àárẹ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó fẹ́ simi ni. Ní báyìí, ó dà bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Á jókòó nídìí ẹ̀rọ, á ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, á dúró, á ní, "Tí mo bá kú lọ́la ńkọ́?" Kì í ṣe ikú ló ń bà á lẹ́rù. Òkè yẹn ni, lọ́jọ́ ìsinmi tó bá tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀.

Èjìká san, orúnkún kò fi bẹ́ẹ̀ san. Ọ̀pá ló fi ń rìn nígbà tó ní kí n gbé òun lọ sí òkè. Inú wọn dùn gan-an nígbà tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n yí i ká, wọ́n kí i kú ewu. Lẹ́yìn náà Alága fọwọ́ pa ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní fò, a mọ̀. Ẹ kàn bá wa wò ó látilẹ̀. Báwo lẹ ṣe rí i?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin náà lójú."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì mi, ó gbé ọ̀pá lé itan, ó sì dákẹ́. Wọ́n rò pé ó ń bínú ni. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wo òun, ẹnì kan ní bóyá orí ló fi gbálẹ̀ nígbà tó já. Wọ́n dúró títí. Mo ti rí àwọn àgùntàn tí olùṣọ́ wọn sá lọ, wọ́n gbọ́n ju báyìí lọ.

Ọmọ rẹ̀ wá dúró síwájú rẹ̀. Ó ti wọ ìjókòó. "Bàbá, ṣé ó dára?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Mo gbọ́."

"Ẹ fẹ́ fìyà jẹ mí ni? Torí ọjọ́ yẹn?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ọmọ yí ẹ̀yìn padà, inú ń bí i, ó lọ sí etí òkè. Ó dúró síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbínú nìkan ló ń wò. Nígbà tó ṣe, mo rí i tó tẹrí ba wo koríko. Ó wo òpó. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó gbé ọwọ́ síta. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sílẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ó dára," ó sọ sí mi létí. "Ó dára gan-an ni. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Má sọ fún un."

Ọmọ padà wá, ó ń tú bẹ́líìtì rẹ̀. "Èmi ò fò," ó ní. Ó ká ìyẹ́ rẹ̀, ó kì í bọ àpò, ó fa síìpù rẹ̀ dé òpin.

Wàyí o, Atọ́wò tí wọ́n mọ̀ ti jókòó sílẹ̀, ẹni tí wọ́n lè tẹ̀ lé kò sí. Ó di dandan kí àwọn yòókù náà wá etí òkè lọ, wọ́n ń gbé ọwọ́ síta bí ẹní ń wá òjò. Alága ló kọ́kọ́ gbójú gbóyà, ó gbéra, ó sì wà lókè. Èkejì wò ó, ṣùgbọ́n ó tún wo òpó kó tó lọ, mo fi ojú mi rí i. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi fò. Afẹ́fẹ́ kò lé, kò dín. Ọmọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń wò wọ́n, ojú rẹ̀ kò dùn.

Nígbà tí oòrùn ti rẹlẹ̀, ó ní, "Mo ṣì í, àbí?"

"O ṣì í."

"Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá jẹ́ kí n jókòó síbí látàárọ̀."

"Kí lo rí?" bàbá rẹ̀ bi í.

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ réré. "Àwọn igi ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n ń mì ju koríko ibí lọ. Mo rò pé ó ń bọ̀."

Ọkùnrin náà wo àwọn igi náà fún ìgbà pípẹ́. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ó lè máa bọ̀ lóòótọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa bọ̀. Ta ló fi igi yẹn hàn ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fi hàn mí."

Ó mi orí. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbúrò, lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, má wá gbé mi. Ẹ ṣáà máa lọ."

Ọmọ rẹ̀ gbọ́. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá.